Owó Bàbà Ọdún 1797 Tí Wọ́n Sọ Di Agolo Aṣáà: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Abẹ́òkúta

Ohun tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé ni nǹkan róbótó kan tí ó jọ owó onírin, ṣùgbọ́n tí ó nípọn ju owó onírin èyíkéyìí tí àwọn tó ni ín tíì rí lọ, tí ó sì ṣófo nínú. Ọwọ́ ẹbí Sàró kan, ìyẹn ìran àwọn Yorùbá tó padà wálé láti Freetown ní Sierra Leone, ní agbègbè Aké ló wà, níbi tí wọ́n ti ń jogún rẹ̀ láti ìran dé ìran. Wọ́n gbé e tọ̀ mí wá nítorí pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó owó àtijọ́ jọ, àti nítorí pé àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé lórí ohun tí ó jẹ́, ibi tí ó ti wá, àti ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi ṣe. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ kí ẹni tí irú rẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ wò àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn.

Èrò tó wà nínú ẹbí náà kò ṣọ̀kan. Ìyá àgbà tí nǹkan náà wà ní ìkáwọ́ wọn gbọ́ lẹ́nu ìyá tiwọn pé Ọbabìnrin Victoria ló fi ta bàbáńlá àwọn lọ́rẹ, àwòrán obìnrin tó jókòó sí ojú kan rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe ẹ̀rí. Ìtàn yìí kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn lásán ní Abẹ́òkúta, nítorí pé lóòótọ́ ni Ọbabìnrin yẹn fi Bíbélì ránṣẹ́ sí Ṣàgbúà àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá ní ọdún 1849, tí ọkọ rẹ̀, Albert, sì fi ẹ̀rọ ìlọgbàdo onírin kún un. Àkọ́bí ìyá ní tirẹ̀ gbà pé wúrà ni, ó sì ti mú un lọ bá ẹnìkan tó ń ra irin àlòkù, ẹni tí ó fẹ́ gbà á lówó pọ́ọ́kú. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé sì ní oògùn ni wọ́n dì sínú rẹ̀, pé bí ènìyàn bá mì ín létí, nǹkan kan ń dún níbẹ̀, àti pé ó sàn kí wọ́n jù ú sínú odò Ògùn ju kí ó máa gbé inú ilé onígbàgbọ́ lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó rí i kí ó ṣí rí.

Ẹni tó bá fẹ́ dá owó àtijọ́ mọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó yẹ̀ wò kó tó wo ojú rẹ̀, nítorí pé ojú ni àwọn aṣẹ̀tàn máa ń ṣiṣẹ́ lé lórí, tí wọ́n sì máa ń gbàgbé ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ nǹkan yìí tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò ní ìlà wẹ́wẹ́ bíi ti ṣílè àtijọ́, kò sì sí lẹ́tà kankan lára rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e sí ìdojúkọ oòrùn, tí mo sì ń fi awò kékeré tó máa ń mú nǹkan tóbi yí i wò díẹ̀díẹ̀, mo rí ìlà tín-ín-rín kan tó yí i ká láìjá, bí irun orí. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti kún inú ìlà náà débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ìlà yẹn kò wà ní àárín gbùngbùn ẹ̀gbẹ́. Ó súnmọ́ ojú kan ju èkejì lọ, èyí tó fi hàn pé apá kan fẹ́lẹ́ ju apá kejì, gẹ́gẹ́ bí ìdérí ṣe máa ń fẹ́lẹ́ ju agolo rẹ̀ lọ. Bí owó onírin bá ya sí méjì fúnra rẹ̀, ìlà ibi tó ti ya kì í gún régé báyìí. Ọwọ́ oníṣẹ́ ló wà níbẹ̀.

Ojú méjèèjì ní etí gbígbòòrò tó yọ sókè, wọ́n sì tẹ lẹ́tà wọ inú etí náà ni, kì í ṣe pé àwọn lẹ́tà náà yọ síta bí a ṣe máa ń rí i lórí owó. Ohun kan ṣoṣo yìí ti yọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó kúrò nílẹ̀, nítorí pé ìwọ̀nba owó díẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láyé. Ojú kìíní jẹ́ orí ọkùnrin kan tó kọjú sí apá ọ̀tún wa, tí wọ́n fi ewé ṣe adé sí lórí, tí aṣọ sì rọ̀ sí èjìká rẹ̀. Lẹ́tà tó yí i ká ni GEORGIUS III D:G REX, èyí tó jẹ́ Látìn, tí ó sì túmọ̀ sí Jọ́ọ̀jì Kẹta, ọba nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. Ojú kejì ni obìnrin tó jókòó lórí àpáta láàárín òkun, tó na ẹ̀ka igi ólífì síwájú, tó di ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta mú, tí asà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi onígbòkun kan hàn lókèèrè ní apá òsì. BRITANNIA ló wà lókè rẹ̀, 1797 ló wà nísàlẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ìtàn Ọbabìnrin Victoria kò lè dúró mọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ọdún 1819 ni wọ́n bí Victoria, ọdún 1837 ló sì gorí oyè, nígbà tí owó yìí ti pé ogójì ọdún. Obìnrin tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn ẹlẹ́ran ara. Britannia ni, àwòrán tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe àpẹẹrẹ ilẹ̀ wọn. Mo mọ ìdí tí ìyá fi rò bẹ́ẹ̀: lórí owó bàbà ayé Victoria fúnra rẹ̀, Britannia yìí náà ló jókòó sí ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n orí Victoria ló máa ń wà níwájú, kì í ṣe orí ọkùnrin. Ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta yẹn náà jẹ́ ẹ̀rí. Lórí owó bàbà tó ṣáájú, ọ̀kọ̀ lásán ni Britannia máa ń dì mú. Orí owó ọdún 1797 ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹlẹ́nu mẹ́ta lé e lọ́wọ́, láti fi agbára wọn lórí òkun hàn. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ìyá pé ọkùnrin tó wà lójú kejì ni ó bí bàbá Victoria, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, “Ó dáa náà, a ò kúkú jìnnà sí ilé ọba.”

Kí n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, owó mìíràn kan wà tí mo ní láti yọ kúrò, nítorí pé ẹbí Sàró ni wọ́n. Ilé-iṣẹ́ tó dá Freetown sílẹ̀, Sierra Leone Company, ṣe owó tirẹ̀ tó ní ọdún 1791 lára, ti fàdákà àti ti bàbà, èyí tó ní kìnnìún lójú kan àti ọwọ́ méjì tó bọra lójú kejì. Bí irú rẹ̀ bá wà nílé ẹnikẹ́ni ní Aké tàbí ní Ìtòkú, inú mi yóò dùn láti rí i. Ṣùgbọ́n kò sí kìnnìún níbí, kò sì sí ọwọ́ tó bọra. Ohun tí owó méjèèjì fi jọra ni pé ibì kan náà ni wọ́n ti ṣe wọ́n, èyí sì mú mi dé orí lẹ́tà mẹ́rin tín-ín-tìn-tín tó wà lábẹ́ asà Britannia.

Lẹ́tà náà ni SOHO. Ọmọ ọmọ ìyá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, ti rí wọn ṣáájú mi, ó sì ti wá a lórí fóònù rẹ̀, àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì bá pàdé. Soho ti Lọ́ńdọ̀nù kọ́ ni èyí. Ẹ̀gbẹ́ ìlú Birmingham ni Soho yìí wà, níbi tí Matthew Boulton, ẹlẹgbẹ́ James Watt nínú òwò ẹ̀rọ ooru, dá ilé ìtẹwó sílẹ̀ sí. Ní ọdún 1797, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ owó bàbà fún un nítorí pé ayédèrú ti kún ìgboro, owó bàbà gidi sì ti wọ́n. Ẹ̀rọ tí ooru omi gbígbóná ń tì ni Boulton fi tẹ̀ wọ́n, àwọn ni owó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́nà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi bára dọ́gba ní fífẹ̀. Oríṣi méjì ló ṣe lọ́dún náà: kọ́bọ̀ kan ti Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó wọ̀n tó 28 gíráàmù, àti kọ́bọ̀ méjì, èyí tó wọ̀n tó 56.7 gíráàmù, tó fẹ̀ tó mìlímítà 41, tó sì nípọn tó mìlímítà 5. Ó fẹ́ kí ìtóye bàbà inú owó náà súnmọ́ iye tí a ń ná an, ìyẹn ló fi wúwo tó bẹ́ẹ̀. Mẹ́jọ nínú kọ́bọ̀ méjì wọ̀nyí ló ń wọ̀n tó pọ́n-ùn kan gẹ́lẹ́, àwọn oníṣọ́ọ̀bù sì ń fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n. Nítorí etí rẹ̀ tó gbòòrò, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù ni àwọn ènìyàn fi ń pè é.

Ìwọ̀n ló gba àkókò mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, mo sì fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ sí i. Fífẹ̀ nǹkan náà jẹ́ mìlímítà 41, èyí tó bá kọ́bọ̀ méjì mu. Mo gbé e lé òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, ó sì wọ̀n 58 gíráàmù. Ẹni tó bá kánjú yóò sọ pé kò kù síbì kan, pé kọ́bọ̀ méjì odidi ni, gíráàmù kan lé díẹ̀ tó fi lé sì lè jẹ́ ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọn nínípọn rẹ̀, mìlímítà 9 ni. Owó tó yẹ kó nípọn tó 5 kò lè nípọn tó 9 kí ó má tíì wúwo sí i, àfi bí inú rẹ̀ bá ṣófo. Kò sì sí bí a ṣe lè rí àpótí onímìlímítà 9, tó ní etí gbígbòòrò lójú méjèèjì, láti ara owó ẹyọ kan ṣoṣo. Owó méjì ló wà níbẹ̀. Odidi méjì ì bá wọ̀n 113.4 gíráàmù, nítorí náà, ẹni tó ṣe é ti gbẹ́ bàbà tó lé ní 55 gíráàmù dànù kúrò nínú wọn. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni pé ohun tó ṣẹ́kù fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀n tó owó kan. Èmi kì í gba òṣùwọ̀n nìkan gbọ́ lórí owó tí mo bá fura sí pé wọ́n ti fọwọ́ kàn, ọ̀ràn yìí sì jẹ́ ẹ̀rí fún mi.

Ṣíṣí rẹ̀ ló kù. Ìyá kọ́kọ́ lọ́ tìkọ̀. “Ẹ má bá mi ba nǹkan bàbá wa jẹ́ o,” ni wọ́n wí, mo sì fi dá wọn lójú pé bí kò bá gbọ́ ìrọ̀rùn, a ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo mú un lọ bá tọ́nà àgbàlagbà kan ní Láfẹ́ńwá, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbẹ́ irin lórí ẹ̀rọ léètì, nítorí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ ọwọ́ oníṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ju èmi lọ. Ó fi èékánná tọ ìlà ẹ̀gbẹ́ náà yíká, ó ní téèdì, ìlà yíyí bíi ti ẹnu ìgò tí a ń yí ìdérí dé, ló wà nínú rẹ̀, pé yíyí ni a ó yí i, a kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ hú u. Ó kìlọ̀ fún wa pé púláísì kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ̀kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ la fi sí ojú ìlà náà, a sì gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí òróró lè wọlé sínú ìpẹtà. Lẹ́yìn náà, ó fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ di ìdérí mú, ó fi òmíràn di ìsàlẹ̀ mú, ó sì rọra yí i, ó dá a padà, ó tún yí i, títí ó fi yọ̀ǹda. Kò ha, kò sì fọ́.

Lára ìdérí ni orí Jọ́ọ̀jì wà. Britannia ló wà nísàlẹ̀ agolo. Ọrùn kúkúrú kan yọ sókè láti ara agolo náà, téèdì rẹ̀ wẹ́ dáadáa, wọ́n sì gé e débi pé bí ìdérí bá ti wọlé tán, orí ọba àti orí Britannia á dọ́gba, ọ̀kan kò ní dojú dé nígbà tí èkejì bá dúró. Ẹni tó ṣe é ti ronú nípa ìyẹn. Tọ́nà wa náà tọ́ka sí i, ó sì yìn ín. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, bàbà náà kò pupa. Wọ́n ti fi tánganran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, bí wọ́n ṣe máa ń bo inú ìkòkò bàbà tí a fi ń dáná kí adùn bàbà má bàa wọ oúnjẹ. Ohun tó ń dún nígbà tí a bá mì ín ni ìṣù kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ tó ti gan bí òkúta. Mo fọ́ ọ̀kan lórí ìwé funfun, ó di ìyẹ̀fun kúnnákúnná. Nígbà tí mo fi èémí kàn án kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, òórùn tábà ṣì wà níbẹ̀, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó ti àgbàlagbà tó ń fín aṣáà rí kò lè ṣì í mọ̀. Ìyá gbóòórùn rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì sọ láìsí pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n pé ìyá ìyá wọn máa ń fín aṣáà. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ti ìyá ìyá wọn ni aṣáà tí a bá nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá ohun tó wà níwájú wa mu.

Ọ̀rọ̀ wúrà kò gba àkókò. Ìdérí nìkan wọ̀n 25.6 gíráàmù. A fi òwú so ó kọ́ sínú ife omi tó wà lórí òṣùwọ̀n, láìjẹ́ kí ó kan ìsàlẹ̀ ife, òṣùwọ̀n sì lọ sókè ní gíráàmù 2.9, èyí tó jẹ́ ìwọ̀n omi tí ìdérí náà tì kúrò ní àyè. Tí a bá fi 2.9 pín 25.6, ohun tí a ó rí jẹ́ 8.8, ìyẹn ni iye ìlọ́po tí ìdérí náà fi wúwo tó omi tó gba àyè kan náà. Bàbà gidi jẹ́ 8.9, wúrà gidi sì jẹ́ 19.3, bí ìdérí yẹn bá jẹ́ wúrà, ìbá wọ̀n tó 56 gíráàmù. Àkọ́bí ìyá dúró tì wá nígbà tí a ń ṣe é, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe ìṣirò náà lórí fóònù. Mo gbóríyìn fún un nítorí pé ó gba èsì náà láìbínú.

Ní ti ìdí tí ẹnìkan yóò fi gbẹ́ owó méjì báyìí, kò ṣòroó mọ̀. Kọ́bọ̀ méjì yẹn wúwo jù fún àpò, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọdún 1797 yẹn nìkan ló wà lára rẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì tún ṣe kọ́bọ̀ méjì tó tóbi tó sì wúwo bẹ́ẹ̀ fún ìnáwó mọ́ láti ìgbà náà. Bàbà rọ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ léètì, owó náà nípọn tó láti gbà téèdì, etí rẹ̀ tó yọ sókè sì ń dáàbò bo àwòrán àárín kúrò lọ́wọ́ ìfarapa nínú àpò. Nítorí náà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di agolo aṣáà, a sì ṣì ń rí irú wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ. Kì í ṣe orí owó yìí nìkan ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ. Ní ilẹ̀ Jámánì, pàápàá ní ìlú Augsburg, wọ́n ti ń gbẹ́ owó fàdákà ńlá ní irú ọ̀nà yìí tipẹ́ ṣáájú, tí wọ́n sì ń kó àwòrán róbótó kéékèèké tí wọ́n kùn lọ́dà sínú rẹ̀. Dọ́là fàdákà tí Amẹ́ríkà ṣe fún òwò pẹ̀lú Ṣáínà láti ọdún 1873 náà, wọ́n máa ń sọ ọ́ di àpótí, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í sábà ní téèdì. Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a ó tẹ̀, á sì là bí ìwé. Ní ọdún 1953, ọmọ kan tó ń ta ìwé ìròyìn ní Brooklyn já owó kékeré kan bọ́ sílẹ̀, ó là sí méjì, àwòrán tín-ín-tìn-tín tó kún fún nọ́ńbà ló wà nínú rẹ̀, ó sì di ẹjọ́ amí ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Mo mẹ́nu ba àwọn wọ̀nyí nítorí pé ọ̀nà tí owó gbà ń ṣí jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí a fi ń mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é. Téèdì ni tiwa, tánganran wà nínú rẹ̀, aṣáà ló sì kù níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ bá iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì mu.

Bí ó ṣe dé Aké ni ẹbí náà fẹ́ mọ̀ jù lọ. Ìtàn ilé wọn ni pé wọ́n kó bàbáńlá wọn lẹ́rú nígbà ogun tó tú ilẹ̀ Ẹ̀gbá ká, pé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tó gbé e lójú òkun, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí Freetown, kí ó tó padà wálé sí Abẹ́òkúta pẹ̀lú àwọn Sàró ìyókù. Ìrìn àjò yìí bá ohun tí a mọ̀ nípa àwọn Sàró mu: láti ìparí àwọn ọdún 1830 ni wọ́n ti ń padà, àwọn kan nínú wọn sì ti wà nílùú kí Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther tó wá dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní 1846. Freetown jẹ́ ìlú tí owó àti ẹrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wọ̀, níbi tí atukọ̀, sójà, oníṣòwò àti oníwàásù ti ń pàdé. Ibẹ̀ ni ó rọrùn jù láti rò pé ọkùnrin kan á ti ní agolo bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun kan wà níbí tí mo fẹ́ kí a má fojú fò. Ní ọjà Abẹ́òkúta ìgbà yẹn, owó ẹyọ ni wọ́n ń ná. Ogójì ẹyọ ló wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn ló ń jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ló sì ń jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Kọ́bọ̀ méjì onībàbà kò ní àyè nínú ìṣirò yẹn. Nítorí náà, ẹni tó gbé nǹkan yìí wálé kò gbé e wá bí owó tí yóò ná. Ohun ìlò ni lójú rẹ̀, ohun ẹ̀yẹ sì ni pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tó bá yọ ọ́ jáde láàárín ẹgbẹ́, tó yí orí ọba Gẹ̀ẹ́sì kúrò kó tó bu aṣáà, gbogbo ojú ni yóò wà lára rẹ̀. Èmi rò pé ibẹ̀ ni ìtàn ẹ̀bùn ọbabìnrin ti ṣẹ̀: àwòrán ọba àti àwòrán obìnrin lára ohun kan tó ti òkè òkun wá, ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti gbọ́ pé Victoria fi ẹ̀bùn ránṣẹ́.

Ní ti ẹ̀rù oògùn, mo jẹ́ kí ìyàwó ilé tó sọ ọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí inú agolo náà, mo sì fi ìyókù ìyẹ̀fun rẹ̀ hàn án. Kò sí ìrépé aṣọ, kò sí ìwé tí wọ́n kọ, kò sí iyùn tàbí egungun. Ó ní bó bá jẹ́ aṣáà ni, òun kò ní ọ̀rọ̀ kankan mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló bà mí nínú jẹ́. Kí wọ́n tó gbé e tọ̀ mí wá, ẹnìkan nínú ilé ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn fọ ojú Jọ́ọ̀jì kí ó lè dán. Omi ọsàn ti jẹ àwọ̀ dúdú pupa tí bàbà fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé wọ̀ kúrò lára rẹ̀, ó sì fi àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú sílẹ̀. Yanrìn fi ìlà wẹ́wẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba. Àwọ̀ dúdú pupa yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Aṣọ tí bàbà fúnra rẹ̀ hun ni, ó sì ń dáàbò bò ó. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tún fi ohunkóhun fọ̀ ọ́ mọ́, kí wọ́n má fi ọwọ́ tó láàágùn dì í mú, kí wọ́n má sì tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá rírọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, nítorí pé oríṣi kan nínú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ máa ń sọ bàbà di aláwọ̀ ewé. Aṣọ òwú gbígbẹ nínú àpótí pákó dára jù. Fún téèdì rẹ̀, tọ́nà wa ní kí a nu òróró kúrò pátápátá, kí a sì fi imú pẹ́ńsù ra á díẹ̀ kó má bàa tún dì.

Wọ́n bi mí nípa iye owó tó lè pa, mo sì dá wọn lóhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Lójú ẹni tó ń kó owó àtijọ́ nìkan jọ, owó méjì tó bàjẹ́ ni, nítorí pé ẹ̀yìn ọ̀kan àti iwájú èkejì ti di ìyangbẹ irin lórí ilẹ̀ ilé iṣẹ́ kan ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Lójú ẹni tó ń kó agolo aṣáà jọ, ohun tó dára ni, pàápàá nítorí pé téèdì rẹ̀ ṣì gbé ara wọn. Lójú ẹni tó ń ra irin àlòkù, ìwọ̀n 58 gíráàmù bàbà ni, kò sì yẹ kí ẹbí kankan tún gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní tèmi, iyì rẹ̀ tó ga jù ni pé ilé tí wọ́n ti lò ó ló ṣì wà, àti pé ẹni tó lè sọ ìtàn rẹ̀ ṣì wà láàyè láti sọ ọ́. Mo ní kí ọmọ ọmọ ìyá gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Lára inú ìdérí, lábẹ́ tánganran tó ti ń bó, ẹnìkan ti fi nǹkan ṣóńṣó kọ lẹ́tà méjì, wọn kò dọ́gba, ọwọ́ ẹni tó kọ wọ́n sì ti yọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí ẹbí náà, mi ò ní kọ àwọn lẹ́tà náà síbí, ṣùgbọ́n èkejì nínú wọn bá orúkọ tí ilé wọn ń jẹ́ mu. Orúkọ ìsàmì bàbáńlá wọn ni wọn kò rántí, nítorí pé orúkọ Yorùbá nìkan ni wọ́n fi ń pè é nínú ìtàn ilé. Ìyá ti fọwọ́ sí i pé kí ọmọ ọmọ wọn lọ bẹ̀bẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n jẹ́ kó wo ìwé ìsàmì àtijọ́, láti mọ̀ bóyá lẹ́tà kìíní yóò bá orúkọ tó wà níbẹ̀ mu. Mo ti ya àwòrán ojú méjèèjì, ẹ̀gbẹ́, téèdì àti lẹ́tà méjèèjì náà fún un, mo sì kọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn wọn.